Ẹ̀RỌ INÚ ETÍ: OWÓ KỌ́ LA KỌ́KỌ́ Ń PÀDÁNÙ, ỌJỌ́ ORÍ ỌMỌ NI

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á dópin. Bí ẹnì kan bá wà nínú ilé tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa, ẹ bá wa túmọ̀ rẹ̀ sí Ègùn fún un.

Gbogbo wa la ti rí irú fídíò yìí lórí fóònù. Ọmọ kékeré kan jókòó lórí itan ìyá rẹ̀, nǹkan róbótó kan wà lẹ́yìn etí rẹ̀, dókítà tẹ kọ̀ǹpútà, ọmọ náà ṣíjú wò lójijì, ó bú sẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ ń sunkún ayọ̀. Àwa tí à ń wò ó náà a máa nu ojú. A ó kọ "Àmín" sábẹ́ rẹ̀, a ó sì fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mìíràn.

N kò bá ẹni tó sunkún jà. Ohun tí mo ń bá jà ni ẹ̀kọ́ tí fídíò yẹn ń kọ́ wa láìsọ ọ́ jáde: pé ìgbàkígbà tí owó bá ti dé, adití yóò gbọ́ràn. Ẹ̀kọ́ yìí ló ń jẹ́ kí a fi ọmọ ọdún méjì sílẹ̀ títí yóò fi di ọmọ ọdún méjìlá, kí a tó máa gbé àpótí owó kiri ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ọjà. Fún ọmọ tí kò gbọ́ ìró kankan rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, owó tó dé ní ọdún kejìlá ti pẹ́ fún ohun tí a fẹ́ kí ó ṣe. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

*KÍ NI Ẹ̀RỌ NÁÀ GAN-AN?*

Nínú etí wa lọ́hùn-ún, ẹ̀yà kan wà tó ká kọ́lọkọ̀lọ bí ìkarahun ìgbín. Cochlea ni wọ́n ń pè é, orúkọ ìkarahun ìgbín náà ni lédè àwọn ará Róòmù àtijọ́. Inú rẹ̀ ni àwọn irun wẹ́wẹ́ wà tó ń sọ ìró di iná kékeré, tí iṣan etí ń gbé lọ sí ọpọlọ. Bí àwọn irun wọ̀nyí bá ti kú, wọn kì í hù mọ́. Kò sí àgbo tàbí òróró tó ń dá wọn padà.

Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n ń kì bọ etí, ńṣe ló ń mú kí ìró ròkè sí i. Ó wúlò gan-an fún ẹni tí etí rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí díẹ̀ yẹn bá ti tán, ariwo kò ràn án mọ́, ó dà bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí àwọn dókítà ń pè ní cochlear implant, tí n ó máa pè ní ẹ̀rọ inú etí, gba ọ̀nà mìíràn. Apá kan rẹ̀ wà níta lẹ́yìn etí, òun ló ń gba ohùn. Apá kejì wà lábẹ́ awọ, lára egungun orí. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń gbé e síbẹ̀, wọn a sì ti wáyà tín-ín-rín kan wọ inú ìkarahun ìgbín yẹn. Mágnẹ́ẹ̀tì ló ń fa ti ìta mọ́ ti inú. Wáyà náà ń ta iná kékeré sí iṣan etí tààrà, ó fo ibi tó bàjẹ́ kọjá. Wọn kì í fi sínú ọpọlọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ohùn ránṣẹ́ sí yín pé wọ́n fẹ́ fi darí èrò ọmọ ni, ẹ pa á rẹ́.

Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe nǹkan àná. Ní Paris ní 1957 ni Djourno àti Eyriès kọ́kọ́ fi iná mànàmáná ta iṣan etí adití kan. Ní 1978, Graeme Clark, dókítà ará Australia tí etí bàbá tirẹ̀ wúwo, fi èyí tó ní ọ̀pọ̀ ojú iná sí ẹnì kan létí ní Melbourne. Ní 1990, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àwọn ọmọdé. Nígbà tí yóò fi di òpin 2019, iye ẹ̀rọ tó ti wọ etí àwọn ènìyàn káàkiri ayé ti tó nǹkan bí 736,900. Àwọn dókítà wa náà ti ṣe iṣẹ́ abẹ yìí nílẹ̀ yìí, ní UCH Ìbàdàn. Nítorí náà, kì í ṣe àlá, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni, ó sì ní òfin tirẹ̀.

*ÒFIN NÁÀ NI PÉ KÍ A TÈTÈ DÉ*

Etí nìkan kọ́ ló ń gbọ́ èdè, ọpọlọ ló ń kọ́ ọ. Láti ìgbà tí ọmọ ti wà ní ìkókó ni ọpọlọ rẹ̀ ti ń to ohùn jọ, tó ń mọ ohùn ìyá yàtọ̀ sí ohùn ewúrẹ́, tó ń mọ "wá" yàtọ̀ sí "wà". Bí ìró kò bá dé ibẹ̀ rárá ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, ọpọlọ kì í fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, ohun tí ojú ń rí ni yóò gba ibẹ̀. Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ èyí. Ilẹ̀ tí a kò bá gbin àgbàdo sí ní àkọ́rọ̀ òjò, koríko yóò gbà á. A ṣì lè gbin nǹkan sí i lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n a kò ní kórè bí ẹni tó tètè gbìn. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ní òfin oṣù kìn-ín-ní, oṣù kẹta, oṣù kẹfà: kí wọ́n yẹ etí ọmọ wò kí ó tó pé oṣù kan, kí wọ́n mọ̀ dájú bóyá kò gbọ́ràn kí ó tó pé oṣù mẹ́ta, kí ìrànlọ́wọ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó pé oṣù mẹ́fà. Ní 2020, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé ọmọ oṣù mẹ́sàn-án lè gba ẹ̀rọ inú etí. Oṣù mẹ́sàn-án! Ní oṣù mẹ́sàn-án, ọmọ tiwa ń gba abẹ́rẹ́ èéyi, kò sì sẹ́ni tó tíì béèrè bóyá ó ń gbọ́ràn.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ti sọ̀rọ̀ rí kí etí rẹ̀ tó di yàtọ̀. Ọpọlọ tirẹ̀ ti mọ èdè, ẹ̀rọ náà sì lè ràn án lọ́wọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ àgbàlagbà. Síbẹ̀, bó bá jẹ́ àrùn yírunyírun ló di etí rẹ̀, kò sí àkókò láti jókòó: egungun lè bẹ̀rẹ̀ sí í hù dí inú ìkarahun ìgbín yẹn láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, wáyà kò sì ní ríbi gbà mọ́.

*ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TÓ Ń JẸ ỌJỌ́ ORÍ ỌMỌ*

Àwa àgbà ló ń sọ wọ́n, àwa náà ni kí a jáwọ́.

"Bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀." Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá yẹn ń gbọ́ràn ní gbogbo ìgbà tí kò sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí wò ná. Bó bá ń gbọ́, ẹ máa retí ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

"Ó ń gbọ́ o, mo pàtẹ́wọ́, ó sì wẹ̀yìn." Ọmọ adití gbọ́n. Ó ń rí òjìji yín, ó ń mọ atẹ́gùn ọwọ́ yín lára, ó ń mọ ìjì ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ó tilẹ̀ ń ṣe "bà-bà-bà" ní ìkókó bí ọmọ yòókù, kí ohùn náà tó máa dín kù. Àtẹ́wọ́ kì í ṣe àyẹ̀wò.

"Okùn abẹ́ ahọ́n ló dì í mú." Ẹ wá fi abẹ gé ọmọ lẹ́nu nígbà tó jẹ́ etí ló ń ṣe é. Adití kì í ṣe odi. Ẹnu rẹ̀ kò ní ohunkóhun, èdè tí yóò sọ ni kò wọlé.

"Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni ẹ wò." Ọ̀rọ̀ yìí ló burú jù. Ó ń jẹ́ kí obìnrin gbé ọmọ pamọ́ sínú yàrá nígbà tó yẹ kí ó gbé e jáde. Ibà apọ́njú, yírunyírun, èéyi, sẹ́gede, oògùn tí kò yẹ, ẹ̀jẹ̀ ìdílé, ìwọ̀nyí ló ń di etí. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ níbí.

"Ẹ̀rọ olówó gọbọi ni, ti àwọn olówó ni." Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ náà wọ́n. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún dọ́là ni, èyí tó di ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù náírà. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò kì í ṣe mílíọ̀nù. Ẹni tí kò tíì ṣe àyẹ̀wò kò tíì mọ̀ bóyá ẹ̀rọ kékeré tó ń kì bọ etí ti tó fún ọmọ rẹ̀, tàbí bóyá ìdọ̀tí tàbí omi inú etí ni. Kò mọ̀ pẹ̀lú bóyá ọmọ náà kò ní iṣan etí rárá, èyí tí ẹ̀rọ inú etí kò fi ní ṣiṣẹ́ fún un. A ń kówó jọ fún ohun tí a kò tíì mọ̀. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

*"TA NI YÓÒ GBÉ ỌMỌ LÁTI IKOGA DÉ ÈKÓ?"*

Mo gbọ́ yín. Ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Owó ọkọ̀ pọ̀, ọjọ́ ọjà kan yóò sì lọ. Nítorí náà gan-an ni mo ṣe sọ pé kí àyẹ̀wò wá bá wa nílé.

Ó ṣeé ṣe, wọ́n ti ṣe é ní Èkó yìí. Dókítà Bọ́lájokò Olúsànyà, oníṣègùn àwọn ọmọdé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ọ̀pọ̀ ìyá kì í bímọ sí ọsibítù, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára BCG. Wọ́n bá gbé àyẹ̀wò etí lọ síbi abẹ́rẹ́ náà. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 2008. Àyẹ̀wò náà kò ní abẹ́rẹ́, kò ní ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á fi nǹkan rọ̀bọ̀tọ̀ kékeré kan sí etí ọmọ níbi tó ti ń sùn, ẹ̀rọ yóò ta ìró wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ sínú rẹ̀, yóò sì gbọ́ èsì tí etí náà dá padà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́ lè ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù Ikoga: kí ló dé tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò kan kò lè máa yípo àwọn ibùdó ìlera Àgbádárìgì ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọmọ? Ní Íńdíà, ìjọba ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní ADIP, tó ń san owó ẹ̀rọ inú etí fún ọmọ kékeré àwọn tálákà. A kò tíì ní kí tiwa san ti ẹ̀rọ. Àyẹ̀wò la kọ́kọ́ ń béèrè.

*OHUN TÍ FÍDÍÒ KÌ Í FI HÀN*

Bí ọmọ bá yẹ fún iṣẹ́ abẹ, ẹ mọ ohun tí ẹ ń gbà. Wọn kì í tan ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, ó di ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ojú ọgbẹ́ bá jinná. Ìró àkọ́kọ́ lè dẹ́rù ba ọmọ, ọ̀pọ̀ ló ń sunkún. Lẹ́yìn náà ni ìrìn àjò bẹ̀rẹ̀: ẹ óò máa padà lọ kí wọ́n lè tún ẹ̀rọ ṣe bó ṣe bá etí ọmọ mu, ẹ óò sì máa kọ́ ọ ní ohùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, lójoojúmọ́, nínú ilé. Bátìrì fẹ́ owó tàbí iná. Wáyà a máa já. Apá ìta kò fẹ́ omi ọ̀sà, kò fẹ́ òógùn àti iyọ̀ etí òkun. Ẹ̀rọ tó dákẹ́ nínú dúrọ́ọ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí a kò rà. Ẹgbẹ́ tó bá dáwó fún iṣẹ́ abẹ láìdáwó fún ọdún márùn-ún tó tẹ̀lé e, ìdajì ọ̀nà ló gbé ọmọ dé.

*ÈDÈ ỌWỌ́ KÌ Í ṢE ÌJÁKULẸ̀*

Àwọn adití kan a máa bínú tí a bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọn kì í ṣe ènìyàn títí ẹ̀rọ yóò fi wọ̀ wọ́n létí. Wọ́n jàre. Andrew Foster, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tí yírunyírun di létí ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní Gánà ní 1957, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn náà. Nínú irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ adití ti kàwé tí wọ́n di olùkọ́ àti oníṣẹ́ ọwọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ Wesley fún àwọn adití wà ní Súrùlérè títí dòní.

Ohun tó ń ba ayé ọmọ jẹ́ ni kí ó wà láìní èdè kankan: kò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Ègùn, kò mọ èdè ọwọ́, títí yóò fi pé ọdún mẹ́jọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti sọ pé ọmọ kò gbọ́ràn ni kí ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè ọwọ́, ẹ̀rọ ìbáà ń bọ̀, ẹ̀rọ ìbáà má bọ̀. Ọmọ ọdún méjìlá tí mo dárúkọ lókè yẹn náà, kò tíì pẹ́ jù fún ìyẹn. Òfin àwọn aláàbọ̀ ara wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó láti 2011, ti ìjọba àpapọ̀ sì di òfin ní oṣù kìn-ín-ní 2019. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lé ọmọ yín kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ nítorí etí rẹ̀.

*Ẹ̀YIN ÀGBÀ, ETÍ TIYÍN NÁÀ ŃKỌ́?*

Bàbá tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ní ìpàdé ẹbí mọ́, tó kàn ń mi orí, ẹ má fi ṣe ẹ̀rín. Ìwádìí àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé àìgbọ́ràn tí a kò tọ́jú wà lára ohun tó ń mú kí iyè ra lọ́jọ́ ogbó. Ẹ lọ yẹ etí wò. Ọ̀pọ̀ ni ẹ̀rọ ìgbọ́ràn yóò tó fún.

*ÌDÈNÀ SÀN JU IṢẸ́ ABẸ LỌ*

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọdé tí kò gbọ́ràn dáadáa, nǹkan bí ọgọ́ta ló jẹ́ pé a lè ti dènà ohun tó fà á. Nítorí náà:

1. Ọmọ ìkókó tí ojú tàbí ara rẹ̀ bá pọ́n, ọsibítù lọ́jọ́ náà. Oòrùn àárọ̀ kò tó.
2. Ẹ má fi káńfọ̀ sí aṣọ ọmọ. Ó lè fa ibà apọ́njú tó le fún ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò gbà á.
3. Ẹ má jẹ́ kí kẹ́mísì gún ọmọ ní gentamicin, tí wọ́n ń pè ní jẹ́ńtà, láìsí ìwé dókítà. Abẹ́rẹ́ yẹn a máa pa irun inú etí.
4. Ẹ má rọ òróró, ọmú tàbí ìtọ̀ sí etí tó ń ṣọyún.
5. Ẹ gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára pé.

*OHUN TÍ MO Ń BẸ̀ YÍN FÚN*

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ obìnrin: ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ ka orúkọ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta ní àdúgbò yín tí wọn kì í dáhùn bí a bá pè wọ́n láti ẹ̀yìn. Ẹ má sọ ọ́ di òfófó. Ẹ yọ owó ọkọ̀ nínú àpò ẹgbẹ́, kí ẹnì kan tẹ̀ lé ìyá wọn lọ gba ìwé ní ọsibítù ìjọba Àgbádárìgì, kí wọ́n sì dé ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní LUTH Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH Ìkẹjà. Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́: owó aṣọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo lè gbé ju ọmọ kan lọ.

Ẹ̀yin agbẹ̀bí: ẹ kọ orúkọ ọmọ tó bá ní ibà apọ́njú, tàbí tó pẹ́ kó tó sunkún, kí ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì.

Ẹ̀yin bàálẹ̀ àti àgbà: ẹ pe káńsẹ́lọ̀. Ẹ béèrè àyẹ̀wò etí ní ọjọ́ abẹ́rẹ́. Ẹ bi àwọn tó ń ṣe ìwé Ìlera Èkó ohun tí ó bò nípa etí ọmọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣì lè máa fi fídíò ẹlẹ́kún ayọ̀ yẹn ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó fi ọ̀rọ̀ yìí tẹ̀ lé e, kí ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀: "Ọmọ oṣù mélòó ló wà nílé yín? Ṣé ẹ ti yẹ etí rẹ̀ wò?"

Ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ tí ẹ bá wà, láti Ikoga títí dé Sẹ̀mẹ̀.